Àtùpà Kan Ṣoṣo fún Ojú Àǹtí Mi

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìyìn fíìmù àtijọ́ kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní àwòrán ìgbà yẹn lẹ́wà, wọ́n á ní kámẹ́rà òde òní ti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe jẹun, mi kì í sì í bá wọn jiyàn lọ títí. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: ó lẹ́wà fún ta ni? Bí wọ́n bá wá ń wò mí bọ̀ọ̀, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ àǹtí mi fún wọn.

Àbúrò màmá mi ni. Òṣèré ni, ó sì ti ṣe fíìmù débi pé òun fúnra rẹ̀ kò rántí gbogbo wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá a nínú àwọn fíìmù náà, ẹ ó wá a tì. Òun ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, òun ni nọ́ọ̀sì tó dúró sẹ́yìn dókítà, òun ni obìnrin tó gbé tíì wọlé tó sì gbé ife jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Òjìji. Ó máa ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni pé wọ́n fi kẹ́ ẹ ni.

Ká sòótọ́, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Fíìmù ìgbà yẹn, alájẹkì ni, iná ló sì ń jẹ. Bí wọn kò bá to iná ńláńlá yí i ká, kò ní rí nǹkan kan, àwọn iná ọ̀hún sì gbóná débi pé ìpara máa ń yọ́ lójú òṣèré. Ojú ọ̀gá òṣèré, tó sábà máa ń pupa, ni wọ́n máa ń wọn iná náà sí. Àǹtí mi dúdú, dúdú tó ń dán, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń fi í sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Bí iná bá bá ojú ọ̀gá mu, ojú tirẹ̀ á wọnú òkùnkùn lọ. Bó bá bá ojú tirẹ̀ mu, ti ọ̀gá á funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ẹ kúkú mọ èwo ni wọ́n máa yàn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá mi máa ń mú mi lọ sí ilé sinimá, á máa nawọ́ sí iwájú pé àǹtí mi nìyẹn. Màá ní níbo? Á ní ẹni tó gbé tíréè yẹn ni. Tíréè yẹn ni mo máa ń rí. Ó máa ń dán gan-an ni.

Màmá mi kú, àǹtí mi kó mi sọ́dọ̀. Owó ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn nínú fíìmù kò tó nǹkan, síbẹ̀ ebi kò pa mí sùn rí nílé rẹ̀. Nígbà tí mo sì dàgbà tó ẹni tó ń wáṣẹ́, òun ló mú mi lọ bá ọ̀gá kámẹ́rà kan, bàbá kan tó máa ń kanra bí ẹni tí eyín ń dùn, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n máa bá a gbé àpótí lẹ́ńsì. Bàbá náà ní obìnrin kì í gbé kámẹ́rà. Àǹtí mi ní òótọ́ ni sà, àpótí náà ló ní kí n gbé. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Ibikíbi tí mo bá dé nínú iṣẹ́ yìí lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gùn débẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi kò fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà.

Ojú ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Dókítà ojú ní ìríran rẹ̀ ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, pé oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè dá a padà. Ohun tó kù fún un nígbà yẹn kò ju bí ẹni tó ń yọjú wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Iná tó bá mọ́lẹ̀ jù sì máa ń ta á lójú bí ata, nítorí náà awò dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀. Dókítà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ohun tí màmá bá fẹ́ rí, kí a tètè jẹ́ kó rí i. Bí a ṣe jókòó sínú ọkọ̀, mo bi í pé kí ló wù ú láti rí. Mo ti ń ṣírò nínú mi bóyá òkun ni, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn.

"Ojú mi," ó ní.

Mo ní dígí wà nílé.

"Dígí kọ́. Mo fẹ́ rí i nínú fíìmù, kó tóbi, kó máa sọ̀rọ̀, kó máa ronú. Gbogbo àwọn tí mo bá ṣeré ló ti rí tiwọn. Èmi ò rí tèmi rí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Èmi ni mi ò mọ ibi tí màá fi ojú sí.

Àwa kan ń ṣe fíìmù lọ́wọ́ nígbà náà. Olùdarí wa jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń wọ sálúbàtà kiri ibi iṣẹ́, tí kì í sì í tètè bínú, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn láti bá a ṣiṣẹ́. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó fẹ́ filé sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn ni fíìmù náà, apá kan sì wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú àtùpà, tó yọ̀ǹda rẹ̀ pé kó máa lọ. A kò tíì rí ẹni tó máa ṣe ìyá. Mo mú olùdarí lọ sílé àǹtí mi, ó ní kó ka ọ̀rọ̀ náà fún òun, èmi ni mo ń kà á sí i létí, àǹtí mi ń tún un sọ. Kó tó parí, olùdarí ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń nu ojú. Ìgbà tí a jáde síta ni mo wá sọ fún un pé a kò gbọdọ̀ tan iná sí i lójú.

Ó ní, "Kí la máa wá fi rí i?"

Mo ní àtùpà orí tábìlì náà. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Ibí yìí ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí mi ò mọ̀ rí, tí mi ò sì lè mọ̀ láéláé. Ẹni kan jókòó sínú yàrá kan níbì kan, ó ń yọ ọkàn rẹ̀ lẹ́nu títí ó fi yọ fíìmù kúrò nínú ikùn kámẹ́rà, tó fi pátákó pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ rọ́pò rẹ̀, ohun náà sì ń ríran nínú òkùnkùn ju ológbò lọ. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí ó fi di pé awọ dúdú àti awọ pupa lè jókòó sínú àwòrán kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan gbé èkejì mì.

Lẹ́ńsì tí mo mú, ti bàbá oníkanra yẹn ni, ọ̀gá kámẹ́rà tí mo bá gbé àpótí lọ́jọ́sí. Ó ti rà á tipẹ́ nítorí pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé bí ilẹ̀kùn gbàgede, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ìgbà ayé tirẹ̀ ní dígí kékeré kan tó ń yí nínú, dígí náà kò sì jẹ́ kí lẹ́ńsì yẹn ráyè sún mọ́ fíìmù. Ó rà á, kò rí i lò. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó gbé e fún mi, ó ní kí n má fi ṣe ìdérí ìkòkò. Kámẹ́rà tuntun kò ní dígí tó ń yí. Ẹnì kan tí mo mọ̀ tó ń tún lẹ́ńsì ṣe fi idẹ gbẹ́ òrùka kan tó so lẹ́ńsì àgbà mọ́ kámẹ́rà ọmọdé, ó sì dè ṣinṣin. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mo gbàdúrà fún ọ̀gá mi náà lọ́jọ́ yẹn, àfi bí ẹni pé kò gbá mi létí rí.

Ìṣòro kan ló kù. Lẹ́ńsì tó bá la ẹnu tó báyẹn, ohun tó ń mú kedere kì í ju ìbú ìka kan lọ. Bí ojú bá mọ́, etí ti di bàìbàì. Bí òṣèré bá mí kanlẹ̀, ojú náà ti lọ. Ẹni tí iṣẹ́ ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Oníwọ̀n. Òun ló ń yí lẹ́ńsì bí òṣèré bá ṣe ń sún. Ó ní ẹ̀rọ tó ń wọn àlàfo fúnra rẹ̀ láìfọwọ́kàn, síbẹ̀ téèpù kì í kúrò lápò rẹ̀, nítorí ó ní ẹ̀rọ kì í mọ ìgbà tí èèyàn fẹ́ sunkún. Láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀ ló ti ń yí lẹ́ńsì, pẹ̀lú ohun kan tó ń dì mọ́wọ́, ara ohun náà ni bọ́tìnnì tó ń ṣí kámẹ́rà wà. Bọ́tìnnì mìíràn wà lára kámẹ́rà lọ́dọ̀ mi. Èyíkéyìí tí a bá tẹ̀ nínú méjèèjì, bí kámẹ́rà bá wà ní pípa, á ṣí, bó bá sì wà ní ṣíṣí, á pa. Àdéhùn wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni pé òun ni yóò máa ṣí i, èmi ni yóò máa pa á.

Ọjọ́ pé. Yàrá ìjẹun ilé kan la lò, ọ̀sán gangan ni, a ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé. Àǹtí mi wọlé pẹ̀lú awò dúdú rẹ̀, mo dì í lọ́wọ́ mú dé ìdí tábìlì. Obìnrin tó ń kun òṣèré lójú gbé pọ́ńdà wá, èyí tó fi pupa díẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi kùn ún látijọ́ kí iná lè rí i. Àǹtí mi gbóòórùn rẹ̀, ó rọra ti ọwọ́ obìnrin náà sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, ọmọ mi," ó ní. "Lónìí, ẹ má fún mi ní ojú ẹlòmíràn." Obìnrin náà pa ìgò rẹ̀ dé, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

A kò dán an wò rárá, kí ojú rẹ̀ má bàa tètè rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ṣe é. Òṣèré tó ń ṣe ọmọ kò sí níbẹ̀, ọjọ́ mìíràn la máa ya tirẹ̀, nítorí náà olùdarí ní kó máa wo èmi lẹ́bàá lẹ́ńsì bí ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ awò rẹ̀. A tan àtùpà. Olùdarí ní ó yá.

Mo fi ojú sí ihò kámẹ́rà, mo rí àǹtí mi. Ẹ gbọ́, obìnrin yìí ló wẹ̀ mí, òun ló dì mí lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n mi ò rí i báyẹn rí. Ojú rẹ̀ ní àwọ̀ tó pọ̀. Pupa kan fara pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí rẹ̀ ń dán bí igi tí wọ́n fi òróró pa, ìlà wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó ń ṣí tó ń padé bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bó o bá fẹ́ lọ, lọ. Èmi tí mo ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, mi ò ní tì í mọ́ ọmọ tèmi." Omijé bò mí lójú. Ó sọ̀rọ̀ náà dópin. Nínú ìwé eré wa, ó yẹ kó fẹ́ àtùpà pa. Kò fẹ́ ẹ pa. Ó gbé e sókè díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo ọmọ rẹ̀ dáadáa kó tó lọ, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Olùdarí wá ní ó tó, mo tẹ bọ́tìnnì.

Mo gbé kámẹ́rà sórí àga, mo sáré lọ dì mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n kankan, omi ń dà níbẹ̀. A fi awò rẹ̀ wọ̀ ọ́, awakọ̀ sì gbé e lọ sílé. Olùdarí ń fò kiri pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kò sí ilé ìwé lónìí.

A pagbo yí tẹlifíṣọ̀n kékeré ká láti wò ó. Ohun tí a rí ni ilẹ̀. Ilẹ̀, ẹsẹ̀ àga, àti sálúbàtà olùdarí tó ń lọ tó ń bọ̀.

Mo wo Oníwọ̀n, Oníwọ̀n wò mí. Jìnnìjìnnì ọjọ́ náà ti mú mi débi pé nígbà tí olùdarí ní ó yá, mo tẹ bọ́tìnnì tèmi, èyí tí mi kì í tẹ̀. Oníwọ̀n náà tẹ tirẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ṣí i, èkejì pa á. Ní gbogbo ìgbà tí àǹtí mi ń sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ń wò ó lásán, kò ká nǹkan kan. Ìgbà tí mo rò pé mo pa á ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Iná pupa kékeré kan wà nínú ihò kámẹ́rà tó máa ń sọ bóyá ó ń ká a. Ẹkún ni mò ń sun, mi ò rí iná kankan.

Kò sẹ́ni tó bú wa, ì bá sàn kí wọ́n bú wa. Ẹni tó ń gba ohùn sọ pé ohùn wà lọ́dọ̀ òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí ẹ̀rọ tirẹ̀ dá dúró. Olùdarí ní ohùn dára, ṣùgbọ́n ojú ńkọ́? Pípè é padà kò ṣeé gbọ́ sétí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wà nínú fíìmù látijọ́, "ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà". Ojú ló ní òun fẹ́ rí, ojú náà ni mo sọ nù.

Oníwọ̀n ló sọ̀rọ̀. Ó ní ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, a ti fò wọ àárín. Ó dá a padà sẹ́yìn pátápátá, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ojú àǹtí mi kún tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé àtùpà sókè, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ àti sálúbàtà dé.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó yé mi. Kámẹ́rà tuntun wọ̀nyí ní ọgbọ́n kan: bí ẹ kò tilẹ̀ tíì ṣí wọn, wọ́n lè máa di ìwọ̀nba ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mú sínú, bí ẹni tó fi omi sẹ́nu tí kò tíì gbé e mì. Bí ẹ bá wá ṣí wọn, ohun tó wà lẹ́nu ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé mì. Mi kì í lò ó. Mo pe oníṣọ́ọ̀bù tó yá wa ní kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì: ẹni tó lò ó kẹ́yìn ń ya ẹyẹ, ẹyẹ kì í sì í sọ ìgbà tó máa fò, ló fi ṣí ohun náà sílẹ̀, àwọn sì gbàgbé láti pa á. Ọkùnrin náà kò mọ ìdí tí mo fi ń sunkún tí mo ń ṣàdúrà fún ìdílé rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó ń ya ẹyẹ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Kí ẹyẹ máa bà lé iwájú rẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Àti ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé ọwọ́ ọmọ èèyàn yóò máa pẹ́, pé ó yẹ kí ẹ̀rọ dúró dè é, Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ pẹ́ sí oore.

Olùdarí ya ojú òṣèré tó ń ṣe ọmọ lọ́jọ́ mìíràn, bó ṣe ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ojú ìyá sì wá dé nígbẹ̀yìn nìkan. Ó ní bó tiẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́, bóyá bẹ́ẹ̀ náà lòun ì bá ṣe é. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ó sọ ọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àǹtí mi kí a tó lọ wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ṣé sálúbàtà olùdarí mọ́ kedere? Mo ní ó mọ́. Ó ní ó káre, bàtà náà ti bọ́ sípò òun.

Ọ̀gá ilé sinimá kan yá wa ní gbọ̀ngàn rẹ̀ láàárọ̀, kí èrò tó dé. Èmi, àǹtí mi àti Oníwọ̀n la lọ. Mo mú un lọ sí ìlà iwájú, mo rò pé bó bá ṣe sún mọ́ ọn tó ló ṣe máa rí i tó. Wọ́n tan án. Ó wò ó, ó ní, "Imú ta nìyí?" Ohun tó kù nínú ìríran rẹ̀ kò gbà ju imú lọ. A sún sẹ́yìn, wọ́n tún un tàn, ó rí imú àti ojú kan. A tún sún. Oníwọ̀n ń tẹ̀ lé wa, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò tó fi téèpù sí, bí ẹni pé ó fẹ́ wọn àlàfo. Ọkùnrin tó ń tan fíìmù kò ráhùn, ó kàn ń dá a padà ni. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí àga ti fẹ̀yìn ti ògiri, ibẹ̀ ni gbogbo ojú náà ti wọlé sínú ihò kékeré tó kù fún un.

Ó ní kí wọ́n tún un tàn. Ó fà sí iwájú, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí wọ́n tún un tàn.

"Arẹwà ni mí," ó ní.

Kò bi mí. Ó ń sọ fún mi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí.

"Ẹ ò wá sọ fún mi látijọ́."

Mo ní a ò rí yín ni, ẹ má bínú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú mi, ó ní kí n má dààmú, òun ti rí i fúnra òun báyìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Oníwọ̀n náà, ó ní kó bá òun kí ẹni tó ni ẹyẹ.

Ìríran rẹ̀ ti tán pátápátá báyìí. Nílé, inú àga kan náà ló máa ń jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé, kò sì nílò awò dúdú mọ́. Bí àlejò bá wá kí i, kì í jẹ́ kí wọ́n káàánú òun lọ títí. Á ní kí wọ́n jókòó, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ojú rẹ̀ fún wọn: pupa tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́, ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì, bí ẹnu ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá gbọ́ ọ. Kò tíì ṣì í sọ rí.